Ọ̀rọ̀ Kan Náà fún Gbogbo Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Òmìnira Ọdún 1960 Kọ́ Kíláàsì Tí Ìka Ò Ti Dọ́gba

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ òmìnira Sir Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba (Prime Minister) àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kọ́ Prámárì 5, ńṣe ni mo dúró síwájú kíláàsì tí mo kà á láti òkè délẹ̀. Kí n tó dé ìdajì, ọmọ mẹ́ta ti sùn lọ. Ọ̀kan ti wọ abẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú gan-an tẹjú mọ́ ẹnu mi láìṣẹ́jú, inú mi sì dùn pé ó kéré tán, ẹnì kan ń gbọ́ mi. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé etí ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa, pé ètè mi ló ń wò kó lè mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ní kí n tún un ṣe, mo sì bà á jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pín kíláàsì sí méjì. Àwọn tó mọ̀wé ka ọ̀rọ̀ náà. Àwọn yòókù, mo fún wọn ní ìwé tí àwòrán àsíá wà lórí rẹ̀ pé kí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn ún. Inú gbogbo wọn dùn, ariwo ò sí. Nígbà tí mo wá bi àwọn tó kun àsíá léèrè pé kí ni Balewa sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n wò mí títí. Wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ogún tiwọn náà ni mo fi dù wọ́n, mo wá fi kíréyọ̀nù dí wọn lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ìpinnu kan mú: ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì mi máa gbọ́, tí wọ́n máa gbé sẹ́nu, tí wọ́n máa rò. Ọ̀nà tí kálukú máa gbà débẹ̀ ni mo máa ń yí padà. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni bí mo ṣe ń ṣe é ní ọjọ́ márùn-ún, nǹkan bíi 40 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Prámárì 4 títí dé JSS 1 ni mo ti dán an wò.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì: ẹ gbọ́ ìtàn náà yé ara yín

Tíṣà tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kò lè là á fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ ṣòro fún. Ẹ jẹ́ kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà lórí yín.

Ní ọdún 1958, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti fi àdéhùn sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960. Ìdí nìyẹn tí Balewa fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ọdún méjì ni Nàìjíríà ti ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ náà. Ní òru tó mọ́ ọjọ́ òmìnira, ní Race Course, pápá eré ẹṣin ní Èkó, ibi tí a ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, wọ́n pa iná, wọ́n sọ àsíá ìlú Ọba kalẹ̀, nígbà tí iná sì tún tàn, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ló wà lókè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọmọ-ọba Alexandra tó ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì gbé ìwé òmìnira lé Balewa lọ́wọ́. Ìgbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí.

Tíṣà bíi tiwa ni Balewa. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Katsina College, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Bauchi kó tó di pé ó lọ kàwé sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó wọ òṣèlú. Àwọn èèyàn ń pè é ní Ohùn Wúrà ilẹ̀ Áfíríkà nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó fi sọ ọ́ kì í ṣe èdè tí ìyá rẹ̀ fi bí i. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an, pàápàá fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń fún lọ́rùn. Mo ti rí ọmọ tó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ lórí àga nígbà tó gbọ́ ọ.

Nǹkan kan tún wà tó mú iṣẹ́ yìí rọrùn báyìí. Orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ ní 1960 ni ìjọba dá padà ní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tì láti 1978. Orin tí àwọn ọmọ yín ń kọ láàárọ̀ lórí ìlà ni orin ọjọ́ náà. Ẹ ti ní ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ ohun tí ọmọ lè ṣe sílẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo máa ń mú ìwé kan, mo máa ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ sí i, ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan màá kọ gbólóhùn kan péré. Mi ò kì í kọ orúkọ àìsàn. “Ó ń gbọ́ tí mo bá kọjú sí i.” “Kì í lè jókòó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí n rán an níṣẹ́.” “Lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú, àmọ́ ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé.” “Ariwo òjijì máa ń dẹ́rù bà á.” “Ó ń kólòlò. Tí wọ́n bá jọ ń kọrin kì í kólòlò rárá.” Ìwé kan ṣoṣo yìí ni màá fi pín iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Tí ẹ bá rí i pé ọmọ kan ń fún ojú pọ̀ kó tó rí bọ́ọ̀dù, tàbí pé ó máa ń dáhùn ìbéèrè tí ẹ kò bi í, ẹ pe òbí rẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ ojú tàbí etí rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a pè ní olódo, gíláàsì ojú ni wọ́n nílò. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2019 sì ti sọ ọ́ gbangba pé ọmọ tó jẹ́ àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Kì í ṣe àánú la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ yan gbólóhùn mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ náà gùn, àwọn kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti òṣèlú àgbáyé tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ò nílò. Mẹ́ta ni mo máa ń mú, mi ò sì kì í yí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọkùnrin náà jáde gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n ní.

Àkọ́kọ́ ni gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀: “Today is Independence Day.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Kò sí ọmọ tí kò lè ní in, ì báà jẹ́ ẹnu, ọwọ́ tàbí àwòrán ló fi máa sọ ọ́.

Ìkejì ni ibi tó ti sọ pé wọ́n ti ń fi ìkánjú retí ọjọ́ náà, pé ó di dandan fún Nàìjíríà láti máa wò bí orílẹ̀-èdè kan tẹ̀lé òmíràn ṣe ń yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tó kù díẹ̀ kí òun náà dé ibi tó ń lọ. Ọmọ tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó rí mọ bó ṣe ń rí lára kí ọkọ̀ máa yà yín sílẹ̀.

Ìkẹta ló dùn mọ́ mi jù. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní a mọ̀ wọ́n “first as masters, and then as leaders, and finally as partners, but always as friends.” Ní Yorùbá: lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n jẹ́ ọ̀gá, lẹ́yìn náà aṣáájú, nígbẹ̀yìn alájọṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wọ́n nígbà gbogbo. Ẹ wò ó bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kankan á gbọ́ àtẹ̀gùn náà nínú ohùn.

Ẹ kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sára páálí gbọọrọ tirẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí àyè fẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Dúdú lórí funfun tàbí lórí yẹ́lò. Fún ọmọ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú, páálí kan tó dá wà sàn ju ojú ìwé kan tó kún fún ọ̀rọ̀. Bí ọmọ tó ń ka Braille, ìwé tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà, bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a tẹ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀; ó gbọdọ̀ ní tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àwọn yòókù bá ní tiwọn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: òkùnkùn àti àsíá

Ẹ má tí ì fi ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ wá okùn, ẹ wá ọ̀pá tàbí òpó fèrèsé, ẹ wá aṣọ méjì: ọ̀kan tí ẹ ya àsíá ìlú Ọba sí, ọ̀kan tó jẹ́ àsíá Nàìjíríà. Àsíá Nàìjíríà tèmi, mo rán an fúnra mi. Apá méjèèjì tó jẹ́ àwọ̀ ewé, aṣọ ìnura ni mo fi ṣe é. Àárín tó funfun, sátínì ni. Ọmọ tí kò ríran á fi ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí ewé parí sí àti ibi tí funfun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ríran náà kì í jáwọ́ nínú fífi ọwọ́ pa á.

Ọmọ tí kì í lè jókòó ni kí ẹ fún ní okùn. Iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe àrékérekè láti mú un dákẹ́: tí kò bá fà á, àsíá ò ní lọ sókè.

Kí ẹ tó pa iná tàbí tí fèrèsé, ẹ sọ fún gbogbo kíláàsì ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ sì ti sọ fún ọmọ tí òkùnkùn tàbí ìyípadà òjijì ń dà láàmú láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ ya á sí páálí kékeré fún un: iná, òkùnkùn, kíka títí dé mẹ́wàá, iná. Ní kíláàsì mi, ọmọ kan tó ní autism, tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀, ni mo fún ní tọ́ọ̀ṣì. Òun ló ni agbára láti mú ìmọ́lẹ̀ padà. Nígbà tí a kà dé mẹ́wàá, kò tíì tàn án. Ó dúró, gbogbo wa dúró nínú òkùnkùn náà pẹ̀lú rẹ̀, ó tó ìgbà tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló wá tan tọ́ọ̀ṣì sójú àsíá. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn tó wà ní Race Course lóru ọjọ́ náà mọ̀ ọ́n lára ju bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ sọ ìtàn àsíá náà ní kúkúrú. Taiwo Akinkunmi, ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ló yà á. Ó rí ìkéde pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíá, ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́, tirẹ̀ ni wọ́n sì mú. Oòrùn pupa kan wà láàárín tó kọ́kọ́ yà, àwọn tó yan iṣẹ́ náà yọ ọ́. Ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán ju ìwé lọ máa ń fi ìtàn yìí sọ́kàn. Akinkunmi padà wá gbé ní Ìbàdàn, ó sì kú ní ọdún 2023.

Ọjọ́ kejì: etí ṣáájú ojú

Etí ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Àwa Yorùbá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò sẹ́ni tó fi ìwé kọ́ ọmọ ní oríkì rẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu kí wọ́n tó rí i lára páálí.

Fídíò àtijọ́ tí ohùn Balewa wà nínú rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan péré hàn wọ́n, ó ti tó. Ohùn fídíò àtijọ́ kì í já gaara, ìyà ńlá ló sì jẹ́ fún ọmọ tí etí ń dùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan náà, ẹ fúnra yín ni kí ẹ sọ ọ́: ẹ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ojú yín, ẹ má kẹ̀yìn sí wọn, ẹ má fi ìwé bo ẹnu. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fún ọmọ tó ń ka ètè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá là á. Àwọn olùkọ́ kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Mi ò fara mọ́ ọn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láti Prámárì 1 dé 6, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí á sáré mú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Bí Hausa tàbí Igbo bá wà nínú kíláàsì, ẹ bi wọ́n léèrè kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń pe òmìnira nílé wọn. Wọ́n á ní ’yanci, wọ́n á ní nnwere onwe. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sára bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmìnira.

Bí ọmọ adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, òun ni kó kọ́ gbogbo yín. Èyí tó wà ní kíláàsì mi di ìkúùkù méjèèjì, ó gbé ọ̀kan lé ọrùn ọwọ́ kejì bí ẹni tí wọ́n fi okùn dè, ó wá já wọn sọ́tọ̀. Òmìnira nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tó tún sọ ọ̀rọ̀ náà láìfi ọwọ́ sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ máa sọ gbólóhùn kìn-ín-ní pọ̀, ẹ fi àtẹ́wọ́ tàbí ìlù kékeré gbé e. Akólòlò tó bá ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlù sábà máa ń sọ ọ́ geere. Tó bá wá fẹ́ dá sọ ọ́, ẹ fún un láyè. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má ní kó fara balẹ̀, ẹ kàn wò ó lójú kí ẹ sì dúró. Ọmọ tí ariwo ìlù ń dà láàmú lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó ṣì ń gbọ́.

Ọjọ́ kẹta: ọkọ̀ ń yà wá sílẹ̀

Ẹ jáde sí ìta. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan sílẹ̀, ibẹ̀ ni òmìnira. Ghana ti jókòó sórí ìlà náà láti ọdún 1957. Àwọn ọmọ yòókù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kálukú pẹ̀lú orúkọ orílẹ̀-èdè kan lọ́rùn. Tíṣà á máa pe ọjọ́, ẹni tí wọ́n bá pè á rìn kọjá lára Nàìjíríà lọ sórí ìlà. 1960, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní: Kamẹrúùnù. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin: Tógò. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ: Dahomey, tó ń jẹ́ Benin lónìí. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ: Niger. Ọjọ́ 11 oṣù kan náà: Chad.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé máàpù jáde, kí wọ́n fi ọwọ́ tọ ààlà Nàìjíríà yíká. Benin, Niger, Chad, Kamẹrúùnù. Gbogbo àwọn tó yí wa ká lórí ilẹ̀ ló ti gba òmìnira kó tó kàn wá! Àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ ní Benin fi oṣù méjì ṣáájú wa. Nígbà tí ẹ bá wá tún gbólóhùn kejì sọ, ẹ ò ní láti là á mọ́. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Fún ọmọ tí kò ríran, ẹ fi òwú tó nípọn lẹ ààlà náà mọ́ páálí kó lè fi ìka tọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ẹni tó máa ṣe Nàìjíríà. Lọ́dún kan, mo yan ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dà láàmú, tó ń fi ọ̀pá rìn. Mo rò pé oore ni mo ṣe é, pé nígbà tó bá gúnlẹ̀ gbẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì á pàtẹ́wọ́ fún un. Ó bi mí léèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé, “Àǹtí, ṣé torí pé mi ò lè rìn kíákíá ni?” Mi ò rí èsì fún un. Láti ìgbà náà, ìbò ni a ń ṣẹ́: orúkọ orílẹ̀-èdè wà nínú ìwé kékeré tí a ká, kálukú á mú tirẹ̀ nínú fìlà. Ọdún yẹn, nígbà tí a ṣẹ́ ìbò náà, Ghana ló mú, ó sì ti wà lórí ìlà tó ń fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́ kí a tó débẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin: ọ̀gá, aṣáájú, alájọṣe, ọ̀rẹ́

Ọjọ́ yìí ni mo máa ń fún ní àkókò jù, tó bá gba ìlọ́po méjì, ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ẹ pe ọmọ mẹ́jọ, méjì méjì. Méjì àkọ́kọ́, ọ̀kan dúró sórí bẹ́ǹṣì, èkejì kúnlẹ̀ nílẹ̀: ọ̀gá. Méjì tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan ń lọ níwájú, èkejì ń tẹ̀ lé e: aṣáájú. Méjì kẹta jọ di bókẹ́ẹ̀tì omi kan mú: alájọṣe. Méjì tó gbẹ̀yìn gbọ́wọ́ lé ara wọn léjìká: ọ̀rẹ́. Kí wọ́n dúró gbári bí ère. Àwọn tó jókòó á máa ka gbólóhùn kẹta, bí wọ́n ṣe ń dé orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń nàka sí ère rẹ̀. Ọmọ tí kò ríran á lọ fi ọwọ́ kan ère kọ̀ọ̀kan: orí ẹni tó kúnlẹ̀, ọwọ́ méjì lórí ìdìmú bókẹ́ẹ̀tì kan. Ọmọ tí òye rẹ̀ ń fara balẹ̀ dé, tó lè gba àtúnsọ ogún kí nǹkan tó yé e, ẹ jẹ́ kó wọ inú gbogbo ère mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ara á sọ fún un.

Ẹ wá bi wọ́n léèrè: ṣé òótọ́ ni? Ẹ má bẹ̀rù ìbéèrè yìí. Ní kíláàsì mi, ọmọ tó kúnlẹ̀ ló dáhùn, ó ṣì wà lórí eékún rẹ̀: “Àǹtí, ọ̀rẹ́ wo ló ń dúró sórí bẹ́ǹṣì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa kúnlẹ̀?” Ọmọ náà kì í ka ìwé geere, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn òpìtàn ń bi ara wọn ló bi yẹn.

Àwọn ọmọ tí orí wọn yá ni ibí yìí tún wà fún. Ẹ má sọ wọ́n di ẹrú tíṣà tó ń kọ́ ẹlòmíì ní gbogbo ìgbà; àwọn náà nílò ohun tó le fún wọn. Balewa sọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà pé orílẹ̀-èdè náà jáde wá láìsí ìkorò, láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan: ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní Iva Valley ní Enugu, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn lu àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà èédú, 21 nínú wọn kú. Kí wọ́n lọ rò ó: kí ló dé tí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ kan ní torí àlejò ni, pé a kì í ro ẹjọ́ lójú àlejò lọ́jọ́ ìkómọ. Òmíràn ní bóyá ó ń fi í wé àwọn ibi tí wọ́n ti jagun gba òmìnira ni. Mi ò sọ èyí tó tọ̀nà fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ kí ó sì bi í léèrè.

Wọ́n á tún bi yín pé kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí Balewa. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, láìparọ́: àwọn ológun pa á nígbà ìdìtẹ̀-gbàjọba oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Tí ọmọ kan bá fẹ́ sọkún, kó sọkún.

Ọjọ́ karùn-ún: kálukú sọ ọ́

Lónìí, gbogbo ọmọ á fi ọ̀rọ̀ náà jíṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ dúró síwájú kó sọ ọ́ lórí, kó sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ka páálí, kó kà á. Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ sọ ọ́, kí ẹlòmíì máa fi ẹnu gbè é. Ẹni tí ojú èèyàn ń tì lè ti gbà á sórí fóònù nílé. Ẹni tó máa fi àwòrán mẹ́rin sọ ọ̀gá, aṣáájú, alájọṣe, ọ̀rẹ́, kó gbé e dúró kó máa nàka. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti yan tiwọn láti ọjọ́ kẹrin, kí ó má bàa jẹ́ òjijì.

Fún máàkì, ohun mẹ́ta ni mo ń wá, ọ̀nà yòówù kí ọmọ gbà fi hàn mí: ó mọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́; ó lè sọ ìtumọ̀ gbólóhùn kan bó ti wù kó mọ; ó ní ìbéèrè kan tàbí èrò kan tirẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá fi dandan lé ìdánwò kíkọ, ẹ ka ìbéèrè náà sókè fún ẹni tí ìwé kíkà ṣòro fún, ẹ bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbé bírò kọ èsì rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹ fún wọn ní àfikún àkókò. Sípẹ́lì kọ́ là ń dán wò.

Iṣẹ́ àmúrelé

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo máa ń fún wọn lọ sílé: kí wọ́n wá ẹni tó ti dáyé ní 1960, kí wọ́n bi í pé níbo ló wà lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà, bàbá àgbà, ìyá tó ń ta àkàrà lójú títì, aládùúgbò. Ẹni tó lè kọ èsì, kó kọ ọ́. Ẹni tí kò lè kọ, kó gba ohùn wọn sórí fóònù òbí rẹ̀. Ẹ pe òbí tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ kó fi ẹnu sọ ọ́ fún yín lẹ́nu géètì.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ní kíláàsì. Nílé, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, láti ìgbà tó ti wọlé, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó mú fóònù ìyá rẹ̀ wá nínú àpò ìwé, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá àgbà rẹ̀ jáde. Màmá náà ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni òun nígbà náà, pé wọ́n tò wọ́n lọ sí pápá, wọ́n fún kálukú wọn ní àsíá kékeré kan àti kọ́ọ̀pù kan tí wọ́n ya àsíá sí lára. Ó ní àsíá náà ti ya, pé kọ́ọ̀pù náà ni òun ń fi bu omi mu títí tí òun fi lọ́kọ. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé o ti gbọ́ ọ, ọkọ mi? Sọ fún tíṣà yín.”

Ọmọ náà wò wá yíká bóyá gbogbo wa ti gbọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn ò gbọ́ dáadáa. Ó gbé fóònù náà, ó rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó sì tún un tẹ̀.